Ta Ló Ń Ba Kíndìnrín Jẹ́, Oògùn Mẹ́dọ̀wú C Ni Tàbí Àrùn Náà?

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí apoògùn kan sọ fún àwọn ọlọ́jà àti àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ní gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta, Èkó

Alága wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà Oyíngbò tí ẹ pa ìsọ̀ dé nítorí ìpàdé yìí, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ooru, ẹ kú ìfaradà. Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà tó wà níjòókòó, mo sì kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi pẹ̀lú. Wọ́n ní kí n má ṣe kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Bí mo bá fẹ́ kọjá rẹ̀, kí ìyá ọlọ́jà kàn ṣẹ́jú sí mi, yóò yé mi.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé mi wá síbí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń to oògùn fún aláìsàn ní ilé ìwòsàn, àti láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Sùúrùlérè, n kò tíì rí ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ń fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè tó o. Wọn a dúró kí àwọn oníbàárà yòókù jáde tán. Wọn a wá fi ìgbọ̀nwọ́ lé orí káńtà, wọn a ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, oògùn mẹ́dọ̀wú C tí dókítà kọ fún mi yìí, ṣé kò ní ba kíndìnrín mi jẹ́?"

Ìyá kan wà tó ń ta léèsì ní Balógun. N kò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì fún mi láyè láti sọ ìtàn yìí. Kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ni wọ́n ti rí mẹ́dọ̀wú C. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé tọ̀ mí wá, ó fa ọ̀rá kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó tú u, ọ̀rá mìíràn tún wà nínú rẹ̀, inú ìyẹn ló ti mú ìwé pélébé kan jáde, irú èyí tí wọ́n máa ń ká sínú páálí oògùn. Ìwé náà ti ń ya lójú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. Ẹnì kan ti fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kan. Ìyá ní, "Ọmọ mi, bá mi kà á. Wọ́n ní ó wà níbẹ̀ pé ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, bó bá lo oògùn yìí, yóò kú." Ó ti ń gbé ìwé yẹn kiri fún ọdún mẹ́ta.

Mo kà á. Kò sí ikú níbẹ̀.

N ó padà sórí ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àrùn náà ṣe rí.

Kí ló da mẹ́dọ̀wú C pọ̀ mọ́ kíndìnrín?

Mẹ́dọ̀wú, tí àwọn dókítà ń pè ní hepatitis, pọ̀ ní oríṣi, A, B, C, D àti E ni wọ́n ń pè wọ́n. Ti C ni tiwa lónìí. Ọdún 1989 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á mọ̀, wọ́n sì fún Harvey Alter, Michael Houghton àti Charles Rice ní ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà ní ọdún 2020. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà ràn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára láìyẹ̀ ẹ́ wò, bíléèdì kan ṣoṣo tí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ọmọ ilé, ọ̀bẹ olóòlà, ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ pàápàá bí wọn kò bá ṣọ́ra. Bí ẹni mẹ́wàá bá kó o, nǹkan bí mẹ́ta lára wọn ni ara wọn yóò lé e jáde fúnra rẹ̀, àwọn yòókù yóò máa gbé e kiri. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ka àwọn tó ń gbé e kiri báyìí lágbàáyé sí nǹkan bí mílíọ̀nù 50.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kì í jà mọ sídìí ẹ̀dọ̀ nìkan.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ṣe ògì, ẹ mọ asẹ́. Bí asẹ́ bá dára, omi ògì á kọjá, èèrí á dúró sókè. Bí ojú rẹ̀ bá dí ńkọ́? Bó bá sì ya ńkọ́? Kíndìnrín méjèèjì ni asẹ́ tí Ọlọ́run fi sí wa lára. Nǹkan bí lítà 180 ni wọ́n ń sẹ́ láàárín ọ̀sán kan òru kan, wọ́n sì ń dá èyí tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, tó fi jẹ́ pé lítà kan sí méjì péré ló ń di ìtọ̀ tí a ń tọ̀. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì C bá ti pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara kò ní yé bá a jà. Ìdọ̀tí ìjà náà á máa lẹ̀ mọ́ra wọn ṣìkìṣìkì, á máa bá ẹ̀jẹ̀ yí kiri títí yóò fi dé ojú asẹ́, ibẹ̀ ni yóò sì há sí. Lára àwọn èròjà náà, a rí àwọn tí ń dì bí otútù bá kàn wọ́n, bí ọ̀rá ẹran ṣe ń dì lójú ọbẹ̀ tí a gbé sínú fíríìjì. Ojú asẹ́ á wú, á dí, á sì ya níbòmíràn, ohun tí kò yẹ kó jáde á wá máa bá ìtọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ aláìsàn lè wú, ìtọ̀ rẹ̀ lè máa hó bí omi ọṣẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru lè bẹ̀rẹ̀. Ó sì lè máà rí àmì kankan títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí.

Nítorí náà, ẹni tó ní òun kò lo oògùn kí kíndìnrín òun má bàa bàjẹ́, tó wá fi fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀ sínú ara, ta ló ń tàn? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Níbo ni ẹ̀rù yìí ti wá?

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. N kì í bá ẹni tó ń bẹ̀rù oògùn yìí jà, nítorí ejò náà wà lóòótọ́ rí.

Kó tó di ọdún 2011, abẹ́rẹ́ interferon pẹ̀lú hóró oògùn ribavirin ni wọ́n fi ń wo mẹ́dọ̀wú C. Ọ̀sẹ̀ 24 ni, ó sì lè jẹ́ 48. Abẹ́rẹ́ náà a máa mú ara gbóná, a máa mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì, bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tó ní ẹ̀yà kìn-ín-ní lára àwọn ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì C, àwọn tí ara wọn ń yá kì í tó ìdajì. Ribavirin ló wá jẹ́ ejò gan-an fún oníkíndìnrín. Ojú kíndìnrín ló ń gbà jáde. Bí kíndìnrín bá ti rẹ̀, kò ní rí ọ̀nà lọ, yóò máa kóra jọ, yóò sì máa fọ́ àwọn ẹ̀yà pupa inú ẹ̀jẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn yóò fi gbẹ lára. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ pàápàá kò rí i fà jáde dáadáa. Àwọn dókítà bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì jàre.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, àjọ FDA tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tó ń jẹ́ sofosbuvir. Wọ́n ń ta hóró kan ní ẹgbẹ̀rún dọ́là kan nígbà náà, ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó lónìí. Oògùn yìí ń pa fáírọ́ọ̀sì C ní tààrà, kò dà bí interferon tó kàn ń ru ara sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti ṣiṣẹ́ tán, ìyókù rẹ̀ a máa bá ìtọ̀ jáde, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a gbé mì ló ń gba ibẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé ojú kíndìnrín náà tún ni. Nínú ara ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ìyókù oògùn yìí lè pọ̀ sí i ní ìlọ́po ogún. Ohun tí àwọn tó ṣe oògùn wá kọ sínú ìwé pélébé ni pé ẹni tí eGFR rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ 30, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé àyẹ̀wò fi ń wọn iṣẹ́ kíndìnrín, àwọn kò lè sọ ìwọ̀n tó yẹ kó lò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà. "A kò lè sọ ìwọ̀n tó yẹ kó lò." Gbólóhùn tí wọ́n fi báírò pupa fàlà sábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá bi mí pé ṣé afárá kan lè gba tírélà, tí mo sì dáhùn pé, "N kò tíì rí tírélà tó gbà á kọjá," ṣé mo sọ pé afárá náà yóò wó? Mo sọ pé n kò mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ a máa yí padà lẹ́nu. Ìwé ní òun kò mọ̀. Ẹni tó kà á ní kò dára. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ní ó léwu. Nígbà tí yóò fi dé etí ìyá oníléèsì ní Balógun, ó ti di ikú.

Ṣé wọ́n wá jókòó sí "a kò mọ̀" títí ni? Rárá. Àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ rí i pé kí a fi ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láìtọ́jú burú ju kí a gbìyànjú lọ. Wọ́n lò ó fún wọn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. N kò ní purọ́ fún yín, àwọn ìròyìn kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ pé kíndìnrín àwọn kan tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tún rẹ̀ sí i lásìkò ìtọ́jú, ẹ̀jẹ̀ àwọn kan sì dín kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí wọ́n tọ́jú ṣe ń pọ̀ sí i, ó hàn pé ìyókù oògùn tó ń kóra jọ yẹn kò ṣe wọ́n ní jàǹbá tí wọ́n ń retí, fáírọ́ọ̀sì sì ń lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, FDA yí ohun tó wà nínú ìwé padà. Hóró kan lóòjọ́, ìwọ̀n kan náà, yálà kíndìnrín ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, títí kan ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Àjọ KDIGO, tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú kíndìnrín fún àwọn dókítà àgbáyé, sọ ohun kan náà ní ọdún 2022.

Ìwé tó wà nínú ọ̀rá ìyá yẹn ti wà ṣáájú ìgbà náà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Ẹni tó fẹ́ ti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tta níbí dé Ìdúmọ̀tà lè gba orí afárá Carter, ó lè gba afárá Èkó, ó sì lè gun Third Mainland. Bí wọ́n bá ti ọ̀kan pa, awakọ̀ kò ní sùn sójú títì. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ṣe ń jáde nínú ara. Ojú kíndìnrín wà, ojú ẹ̀dọ̀ náà wà, níbi tí oògùn ti ń bá òróǹro lọ sínú ìfun, tí yóò sì bá ìgbẹ́ jáde.

Oògùn kan wà tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2017, glecaprevir àti pibrentasvir tí wọ́n pò pọ̀. Ojú ẹ̀dọ̀ ló ń gbà jáde, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ọ̀dọ̀ kíndìnrín rárá. Ẹni 104 tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ gan-an ni wọ́n fi wádìí rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ń fọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n lò ó fún ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni mélòó ni fáírọ́ọ̀sì kúrò lára wọn? Ẹni 102.

Ṣé kí gbogbo wa wá máa lo èyí nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti jẹrà, tí omi ti kún inú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí ọ̀nà ẹ̀dọ̀ ti dí fún irú wọn. Sofosbuvir àti velpatasvir tí wọ́n pò pọ̀ ni dókítà máa ń wò fún wọn, hóró kan lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12 pẹ̀lú ribavirin, tàbí fún ọ̀sẹ̀ 24 bí ara wọn kò bá gba ribavirin. Dókítà gbọ́dọ̀ wo ẹnu ọ̀nà méjèèjì kó tó mú kálàmù. Ìdí tí mo fi ń bá àwọn tó ń lo oògùn ẹlòmíràn jà nìyẹn. Oògùn tó wo àbúrò yín sàn lè jẹ́ ọ̀nà tó ti dí lára tiyín.

A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá

Awakọ̀ dáńfó kan, tó ń na Yábàá sí Òṣòdì, ń lo oògùn mẹ́dọ̀wú C. Kíndìnrín rẹ̀ dára nígbà tó bẹ̀rẹ̀, creatinine rẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń lọ sókè bí kíndìnrín bá ń rẹ̀, jẹ́ 1.1. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ó ti di 2.3. Ẹ ò rí i báyìí! Gbogbo ilé ní oògùn ni, ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́ da hóró tó kù sí gọ́tà. Ó gbé ìwé àyẹ̀wò náà wá sọ́dọ̀ mi, inú bí i, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbá káńtà.

Mo ní kó kó gbogbo ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ jáde. Páálí diclofenac kan wà níbẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún nítorí ìjókòó ọkọ̀, méjì ló ń gbé mì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Mo ní kí ló tún wà nínú ọkọ̀. Ó lọ mú ìgò oníke kan wá, àgbo dúdú ló kún inú rẹ̀ dé ìdajì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti sùn sísàlẹ̀. Ó ń rà á ní gáréèjì ní ìdájí, kó tó bu epo sí ọkọ̀.

Mo pe dókítà rẹ̀. Ó ní kó dá diclofenac dúró, kó dá àgbo dúró, kó máa mu omi, kó sì má ṣe dá oògùn mẹ́dọ̀wú dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, creatinine ti já wálẹ̀ sí 1.3. Ó lo ọ̀sẹ̀ 12 rẹ̀ parí.

N kò bú ìyá alágbo o. Àgbo ni ìyá tó bí mi fi wò mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n ìyá tèmi mọ ewé tó já, ó sì mọ iye tó bù fún mi. Ta ló mọ ohun tó wà nínú ìgò tí a rà ní gáréèjì? Àwọn egbò kan wà tí ń jẹ asẹ́ kíndìnrín bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin. Ibuprofen àti diclofenac tí a ń lò bí ẹni ń jẹ gúgúrú, abẹ́rẹ́ gentamicin tí wọ́n ń gún ní kẹ́mísìtì láìwọn kíndìnrín, ìpara tí àwọn kan fi ń bóra tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ń ba kíndìnrín jẹ́ lójoojúmọ́ ní Èkó yìí, a kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè jẹ́jẹ́ nípa wọn rí.

Ibì kan wà tí ẹ̀rù oògùn ti tọ́. Ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B tàbí HIV mọ́ ti C lè ti máa lo oògùn kan tó ń jẹ́ tenofovir. Ìyẹn lè ni kíndìnrín àwọn kan lára, ledipasvir àti velpatasvir, àwọn oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ sofosbuvir, sì máa ń mú kí ó pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi àyẹ̀wò kíndìnrín ṣeré lásìkò ìtọ́jú, dókítà sì lè pààrọ̀ irú tenofovir tó ń lò sí èyí tó rọ kíndìnrín lọ́rùn. Kò ní kó sá fún ìwòsàn.

Kí a tó gbé hóró kìn-ín-ní mì

Èyí kò pẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo creatinine àti ìtọ̀ yín, kí wọ́n sì wo bí ẹ̀dọ̀ ṣe lágbára tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò fún mẹ́dọ̀wú B, nítorí bí ti C bá kúrò, ti B tó ti sùn lè jí, FDA kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní ọdún 2016. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà, pàápàá ti ikọ́ ife, ti wárápá, ti ọkàn àti ti ọgbẹ́ inú. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí. Bí ẹ bá sì lò ó tán, ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 kí wọ́n wá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àyẹ̀wò kékeré tí wọ́n ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ sí dẹ́rù bà yín lẹ́yìn náà. Ẹsẹ̀ tí olè fi tẹ ilẹ̀ ni ìyẹn ń rí, ẹsẹ̀ náà yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí olè ti lọ.

Ìyá oníléèsì wa lo oògùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 12, kò fo ọjọ́ kan, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ẹ̀yìn ẹ̀rọ ló ń gbé e mì. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọn kò rí fáírọ́ọ̀sì C mọ́. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kíndìnrín rẹ̀ kò padà. Ó ṣì ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀, mo rí i lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá, bí ọmọ rẹ̀ bá sì rí owó tí wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀ kíndìnrín fún un, mẹ́dọ̀wú C kọ́ ni yóò dí i lọ́nà.

Lọ́jọ́ tó gba èsì yẹn, ó fi ìwé pélébé náà sílẹ̀ fún mi lórí káńtà, tọ̀rá-tọ̀rá. Òun nìyí. Ẹ gbà á, ẹ gbé e yí ká, ẹ rọra o, ó ti ń ya. Ẹni tó bá ní awò ojú kó bá ẹni tí kò ní wo ọdún tí wọ́n kọ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ìbéèrè, kó nawọ́. Bàbá tó wà nídìí fáànù, mo ti rí ọwọ́ yín.